Àárín Ìlú àti Etí Ìlú: Ìlànà Títẹ Ìlú Dó láti Ilé-Ifẹ̀ dé Ìbàfò

Ní ayé àtijọ́, àlejò tí ó bá gba ẹnubodè wọ ìlú Yorùbá kan kò nílò ẹni tí yóò fi ọ̀nà ààfin hàn án. Bí ó bá ti ń tọ ọ̀nà gbọọrọ tí ó bá nínú odi lọ, tí kò yà sí ọ̀tún, tí kò yà sí òsì, ọ̀nà náà yóò gbé e dé ọjà. Bí ó bá sì gbé ojú sókè nínú ọjà, ààfin ni yóò rí. Èyí kì í ṣe èèṣì. Bí àwọn àgbà ti ń ro ayé ni wọ́n ti ń to ìlú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ìbàfò lónìí, lójú òpópónà márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, yóò rí ilé lọ́tùn-ún, yóò rí ilé lósì, yóò rí ọjà lẹ́bàá títì, yóò sì rí èrò bí eṣú, ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè pé, "Níbo ni àárín ìlú?" ẹni tí ó bi léèrè lè dúró pẹ́ kí ó tó dáhùn. Kí ni ó ń sọ ibùgbé di ìlú? Báwo ni ó sì ṣe jẹ́ tí ibi tí èrò pọ̀ tó báyìí fi dàgbà láìní ojúde kan tí gbogbo wọn lè pè ní tiwọn?

Kì í ṣe àwọn Yorùbá nìkan ni ó gbà pé títo ilẹ̀ àti títo ayé kò jìnnà sí ara wọn. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, láti ayébáyé ni wọ́n ti ń fi irú èrò bẹ́ẹ̀ tẹ abúlé dó. Agbára méjì ni wọ́n gbà pé ó gbé ayé ró, yin àti yang. Ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, yang ni ẹ̀gbẹ́ òkè tí oòrùn ń ràn sí, yin sì ni ẹ̀gbẹ́ tí òjìji bò. Lẹ́yìn náà ni ìtumọ̀ wọn gbòòrò títí ó fi kan ọ̀sán àti òru, gbígbóná àti tútù, akọ àti abo. Kì í ṣe pé ọ̀kan jẹ́ ire kí èkejì jẹ́ ibi. Bí ọ̀kan bá pọ̀ jù ni nǹkan ń bàjẹ́, bí méjèèjì bá sì dọ́gba, ara á tu ènìyàn. Nínú èrò yìí ni ìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní feng shui ti gbilẹ̀, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an kò ju "afẹ́fẹ́ àti omi" lọ. Ìwé kan lórí ọ̀ràn ibojì, tí wọ́n kà sí ti Guo Pu tí ó gbé ayé láti ọdún 276 sí 324, kọ́ni pé èémí kan wà nínú ilẹ̀, pé afẹ́fẹ́ a máa tú u ká, omi a sì máa dá a dúró. Nítorí náà ni abúlé tí a tẹ̀ dó dáradára ṣe ń kọ ẹ̀yìn sí òkè, tí ó sì ń kọ ojú sí omi. Òkè tí ó wà ní àríwá ń dá ìjì òtútù dúró. Ilé tí ó dojú kọ gúúsù ń gba oòrùn ní àkókò òtútù. Odò tí ń ṣàn kọjá níwájú ń bomi rin oko ìrẹsì. Ọgbọ́n àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, tí a fi aṣọ awo bò.

Àpẹẹrẹ kan tí ó ṣì wà títí di òní ni abúlé Hongcun ní ìgbèríko Anhui. Àwọn ará ibẹ̀ a máa fi abúlé wọn wé màlúù: òkè ni orí rẹ̀, igi ńlá ni ìwo, ilé ni ara, afárá mẹ́rin ni ẹsẹ̀, adágún omi ni ikùn, ipa omi tí ó sì ń gba ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn ni ìfun. Omi yìí ni wọ́n fi ń fọ nǹkan, òun ni wọ́n sì fi ń pa iná bí ilé bá ń jó. Ní ọdún 2000, àjọ UNESCO kọ orúkọ abúlé náà mọ́ àwọn ohun ìní àjogúnbá gbogbo ayé. Ní ti olú-ìlú ọba, ìwé àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Kao Gong Ji ti fi ìlànà lélẹ̀ pé kí ó ní igun mẹ́rin, kí ẹnubodè 3 wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ilé ìbọ àwọn baba ńlá wà ní òsì, kí ojúbọ ilẹ̀ wà ní ọ̀tún, kí àgbàlá ìgbìmọ̀ wà níwájú, kí ọjà sì wà lẹ́yìn.

Kò yẹ kí a fi tipátipá sọ Yorùbá àti Ṣáínà di ìbátan nínú ọ̀ràn yìí. Olúkúlùkù ni ó fi ojú ara rẹ̀ wo ilẹ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí bí ará Ṣáínà ti ń fi méjì ro ayé kò ní ṣàìrántí igbá ìwà, igbá olómorí tí ìdajì òkè rẹ̀ jẹ́ ọ̀run, tí ìdajì ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ayé. Yóò rántí ẹdan Ògbóni, akọ àti abo tí a fi ẹ̀wọ̀n so pọ̀ lórí. Yóò rántí pé àwọn olóyè a máa ní Ọ̀tún, wọn a sì máa ní Òsì, àti pé ohun tí a ń wá fún ẹni tí ayé gbóná mọ́ ni ẹ̀rọ̀, ohun tútù tí yóò mú kí ọ̀ràn rọlẹ̀. Ọpọ́n Ifá pàápàá jẹ́ àwòrán ayé. Ojú Èṣù ni a gbẹ́ sí etí rẹ̀, òun ni babaláwo sì ń dojú kọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ a máa fa ìlà gba àárín ọpọ́n kọjá, ní ìbú àti ní òòró. Ẹni tí ó bá wo ọpọ́n yìí dáradára ti rí ìlú Yorùbá: àárín kan, etí kan, àti ọ̀nà tí ó so wọ́n pọ̀.

Kí a tó tẹ ìlú dó, Ifá ni a ń bi; ṣùgbọ́n Ifá kò ní kí ojú má ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ọdẹ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ mọ ilẹ̀. Ó mọ ibi tí omi kì í gbẹ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó mọ ibi tí ẹran ń gbà, ó sì mọ òkè tí ènìyàn lè sá sí. Ìtàn Òṣogbo jẹ́ ẹ̀rí kan. Wọ́n ní Láròóyè àti Tìmẹ́hìn, tí ó jẹ́ ọdẹ, kó àwọn ènìyàn wọn dé etí odò Ọ̀ṣun, wọ́n sì tẹ̀dó síbẹ̀. Kò pẹ́ tí Ọ̀ṣun fi ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n gòkè díẹ̀ sí i, kí wọ́n fi etí omi sílẹ̀ fún òun. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì kúrò. Ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ ni igbó Ọ̀ṣun tí ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, tí UNESCO kà mọ́ ohun ìní àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn náà kò ṣòro láti rí: ènìyàn lè mu omi, ó lè wẹ̀ nínú rẹ̀, ó lè bọ ọ́, ṣùgbọ́n etí omi kì í ṣe ibi tí a ń tẹ́ ẹní sùn.

Ní ti òkè, Yorùbá àti Ṣáínà fẹnu kò. Nígbà tí ogun tú àwọn Ẹ̀gbá ká, abẹ́ àpáta Olúmọ ni Ṣódẹkẹ́ kó wọn sí ní ọdún 1830, orúkọ Abẹ́òkúta sì ti sọ ìtàn ara rẹ̀. Ní Ìbàdàn, a ń bọ Òkè'Bàdàn lọ́dọọdún nítorí pé òkè náà bo àwọn ènìyàn mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ ìpọ́njú. Ará Ṣáínà kọ ẹ̀yìn sí òkè nítorí ìjì; àwọn Yorùbá ìgbà náà kọ ẹ̀yìn sí i nítorí ogun.

Bí a bá fẹ́ rí àárín ìlú bí ó ti yẹ kí ó rí, Ilé-Ifẹ̀ ni kí a wò. Ààfin Ọọ̀ni wà ní Ẹnuwá. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín lọ sí àwọn àdúgbò ńlá: Ìrẹ́mọ, Òkèrèwè, Mọ̀óre, Ilódè àti Iláré. Nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400 ni wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ọ̀pọ̀ àgbàlá àti ọ̀nà ìlú náà, àpáàdì tí a tò ní ìdúró, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ìtàn àtẹnudẹ́nu fi iṣẹ́ yìí sí ọrùn Lúwòó, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni. Àwọn onímọ̀ ti kọ púpọ̀ lórí irú ètò yìí. Ní ọdún 1966, G. J. Afolabi Ojo tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn ààfin Yorùbá. Ní ọdún 1969, Eva Krapf-Askari fi ìlú Yorùbá wé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí ààfin jẹ́ ìdí rẹ̀, tí ọ̀nà jẹ́ ọ̀pá tí ó so ó pọ̀, tí odi sì jẹ́ etí rẹ̀.

Ó yẹ kí a ṣe àkíyèsí ohun kan níbí. Ìwé àwọn ará Ṣáínà gbé ọjà sí ẹ̀yìn ààfin. Yorùbá gbé e sí iwájú. Nígbà tí Àtìbà tún Ọ̀yọ́ tẹ̀ dó ní àwọn ọdún 1830, lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé ti tú, ọ̀kan nínú ohun tí ó tún ṣe bí ti àtijọ́ ni ọjà Akẹ̀sán níwájú ààfin. Ìdí rẹ̀ ni pé ọjà kì í ṣe ibi ìtajà lásán. Níbẹ̀ ni a ti ń kéde òfin, níbẹ̀ ni àjèjì ti ń di ẹni mímọ̀, níbẹ̀ ni a sì ti ń yanjú aáwọ̀ kí ó tó di ìjà. Ọlọ́jà jẹ́ orúkọ oyè fún ẹni tí ó ń ṣàkóso ìlú ní ọ̀pọ̀ ibi. Yangí Èṣù wà nínú ọjà, nítorí pé níbi tí owó àti ọ̀rọ̀ ti ń pàdé ni èdè àìyedè ti ń bẹ̀rẹ̀. Igi ọ̀dán wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kí òjìji lè wà fún olówó àti tálákà. "Ayé lọjà, ọ̀run nilé," ni àwọn àgbà wí; wọ́n fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ ayé, wọ́n sì gbé ayé náà sí ojú ọba, kí ó má bàa bàjẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Bí àárín ti ní ìtumọ̀, bẹ́ẹ̀ ni etí náà ní tirẹ̀. Odi àti yàrà ni ó yí ìlú ká; oníbodè ni ó ń ṣọ́ ẹnubodè, tí ó sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń kọjá. Lẹ́yìn odi ni igbó wà: igbó orò, igbó ìgbàlẹ̀, àti igbó tí a ń sin òkú ẹni tí Ṣànpọ̀nná bá pa sí. Kì í ṣe ìbẹ̀rù lásán ni ó mú wọn fi igbó wọ̀nyí sílẹ̀ láìdá oko sí wọn. Ìlú ni ibi tí ohun gbogbo ti tutù. Igbó ni ibi tí agbára gbígbóná wà, èkínní kò sì lè wà láìsí èkejì. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ẹ̀rẹ̀dò Ṣùngbọ́ ṣì dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí bí ààlà ti ṣe pàtàkì tó. Ó gùn ju kìlómítà 150 lọ, ó sì jìn tó mítà 20 ní àwọn ibì kan láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì rẹ̀. Peter Lloyd kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Odù ní ọdún 1959.

Ilé pàápàá kò yàtọ̀ sí ìlú. Agbo ilé ní àgbàlá láàrin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká, iyàrá sì wà lẹ́yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń ní. Iyàrá ṣókùnkùn, ó sì tutù. Àgbàlá mọ́lẹ̀, ó sì ṣí sílẹ̀. Ẹni tí ó sùn nínú iyàrá tirẹ̀ lóru ń jí sí àgbàlá gbogbo ẹbí ní òwúrọ̀. Bí baálé ti wà nínú agbo ilé ni ọba wà nínú ìlú.

Abẹ́òkúta nìkan ni ó dà bí ẹni pé ó yàtọ̀. Ìlú púpọ̀ ni ó sá wá sí abẹ́ àpáta náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì kó Ògbóni, oyè àti ọjà tirẹ̀ dání. Àwọn Òwu dé bá wọn ní ọdún 1834. Nípa bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àárín kan ni ó wà níbẹ̀, bí kò ṣe ọ̀pọ̀ àárín nínú odi kan. Síbẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1851, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì dé, odi kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ dúró tì.

Abẹ́òkúta yìí ni ó ṣe àlàyé Ìbàfò. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni agbègbè náà, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, abúlé àgbẹ̀ sì ni Ìbàfò àti Mówè jẹ́ kí òpópónà ńlá tó dé. Ọ̀fàdà tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ìrẹsì kò jìnnà síbẹ̀. Ẹni tí ó bá wo abúlé bẹ́ẹ̀ lè rò pé àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó kò náání àṣà, nítorí pé wọn kò kọ́ ààfin ńlá, wọn kò sì la ọ̀nà mẹ́rin. Ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé àti oko jẹ́ méjì tí kò ṣe é yà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀tún àti òsì. Àgbẹ̀ Ẹ̀gbá tí ó wà ní abúlé kò gbà pé òun kò ní ìlú: ìlú rẹ̀ wà ní Aké, tàbí ní Òkè-Ọnà, tàbí ní Gbágùrá, tàbí ní Òwu. Níbẹ̀ ni ó ti ń ṣọdún, níbẹ̀ ni oyè ìdílé rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni ó sì ń fẹ́ kí a sin òun sí. "Ilé làbọ̀ sinmi oko." Abúlé jẹ́ etí, Abẹ́òkúta ni àárín. Abúlé náà kò nílò ojúde ńlá, nítorí pé ojúde rẹ̀ wà nílé.

Ohun tí ó yí èyí padà ni ọ̀nà. Ní ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí la ojú irin láti Èkó; ní ọdún 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Ó gba Ìfọ̀ kọjá, nígbà tí ó sì yá, ẹ̀ka kan ya láti ibẹ̀ lọ sí Ìdógò. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí fa èrò àti ọjà sọ́dọ̀ ara rẹ̀ bí ààfin ti ń fà wọ́n tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin ṣì ń dúró. Ibi tí ó bá dúró sí lè di àárín. Òpópónà márosẹ̀ tí a ṣí láàrin Èkó àti Ìbàdàn ní ọdún 1978 kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gùn ní nǹkan bí kìlómítà 127. A ṣe é kí ọkọ̀ lè sáré kọjá, kì í ṣe kí ó dúró. Ọ̀nà àtijọ́ ń wọ ìlú láti dé ibì kan. Ọ̀nà yìí la ìlú kọjá láti dé ibòmíràn.

Nígbà tí Èkó kún àkúnwọ́sílẹ̀, etí ọ̀nà yìí ni àwọn ènìyàn wá. Wọ́n wá láti ìlú gbogbo, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì ní ilé ní Abẹ́òkúta. Pulọ́ọ̀tì ni wọ́n rà, kì í ṣe agbo ilé. Olúkúlùkù mọ odi yí pulọ́ọ̀tì tirẹ̀ ká, ó fi géètì sí i, ó gbẹ́ kànga tirẹ̀. Bí ilé bá ti pọ̀ ní òpópó kan, wọn a tún fi géètì mìíràn dí ẹnu òpópó, wọn a sì gba ọdẹ tí yóò máa ṣọ́ ọ lóru. Ẹ̀yin tí ẹ bá ronú nípa èyí yóò rí i pé odi ti padà, oníbodè ti padà. Àárín nìkan ni kò padà. Kì í ṣe pé kò sí olóyè tàbí aládé ní agbègbè náà. Ọ̀rọ̀ náà ni pé kì í ṣe ààfin ni ó pín ọ̀nà fún ìlú, ọ̀nà ni ó pín ìlú sí méjì. Ẹsẹ̀ ènìyàn sì ṣì ń wá ibi tí yóò pàdé ẹlòmíràn: láti ìgbà tí ìjọ Redeemed ti gba ilẹ̀ ibùdó rẹ̀ nítòsí Mówè ní ọdún 1983, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni ó ń rọ́ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ ìpàdé. Ṣùgbọ́n ibi ìjọsìn jẹ́ ti àwọn tí ó gba ẹ̀sìn náà. Ọjà ọba jẹ́ ti onígbàgbọ́, ti mùsùlùmí, ti oníṣẹ̀ṣe àti ti àjèjì tí kò tíì sọ orúkọ ara rẹ̀.

Ọ̀ràn omi tún wà níbẹ̀. Odò Ògùn ń ṣàn ní apá ìwọ̀-oòrùn agbègbè yìí lọ sí ọ̀sà Èkó, ilẹ̀ àbàtà rẹ̀ sì fẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi odò náà kún bo ọ̀pọ̀ ilé ní ìsàlẹ̀ odò lápá Èkó, àwọn ènìyàn sì fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù wọn jáde. Láròóyè gbọ́ nígbà tí omi sọ̀rọ̀, ó sì gòkè. Ẹni tí ó ra pulọ́ọ̀tì nínú àbàtà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò rí ẹni sọ fún un pé omi ni ó ni ibẹ̀. Ẹni tí ó tà á fún un sì lè mọ̀, kí ó dákẹ́. Ará Ṣáínà tí ó pe ìmọ̀ rẹ̀ ní "afẹ́fẹ́ àti omi", àti Yorùbá tí ó fi etí odò sílẹ̀ fún òrìṣà, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì fi pa mọ́ fún ọmọ wọn.

Kò sí ẹni tí ó lè dá òpópónà márosẹ̀ padà sí igbó, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò ní kí a tún yí Ìbàfò ká pẹ̀lú yàrà. Ohun tí ìlànà àtijọ́ ń béèrè kò tó bẹ́ẹ̀, ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí a fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ tí a kò ní tà, tí igi yóò wà níbẹ̀, tí ọ̀nà àwọn àdúgbò yóò dé ibẹ̀, tí ẹnikẹ́ni lè dúró sí láìsan owó; kí a sì fi ti omi sílẹ̀ fún omi. Àgbẹ̀ tí ó kọ́kọ́ kọ́ ahéré sí Ìbàfò mọ ibi tí òun yóò padà sí nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ lónìí ti bímọ síbẹ̀, wọ́n sì ti sin òkú wọn síbẹ̀. Ilé ṣì ni àbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ilé mìíràn láti padà sí, oko náà ni ó gbọ́dọ̀ sọ di ilé.